Àlàfo Tó Wà Lókè Písítìnì

Nígbà tí písítìnì bá gòkè dé òpin ìrìn rẹ̀ nínú sìlíńdà, kì í fi orí sọ irin tó wà lókè rẹ̀. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń là wọ́n. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, àlàfo náà sábà máa ń tó mìlímítà 1 tàbí kó lé díẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ó lè má ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Káàdì tí wọ́n fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì nípọn tó mìlímítà 0.76, nítorí náà ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wà tí káàdì kan ṣoṣo kò lè wọ ààyè tó wà lórí písítìnì rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni písítìnì kọ̀ọ̀kan ń sáré dé ibi tóóró yìí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí á sì yí padà láìfara kan ohunkóhun. Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì tò gbọ́dọ̀ wọn àlàfo yìí kó tó dé ẹ́ńjìnnì pa. Òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ń fò dá, nítorí pé kò sí ohun èlò kan tí wọ́n ń tà lọ́jà tó ń jẹ́ àlàfo.

Àṣẹ́kù ni àlàfo. Bí ẹnì kan bá gun àga nínú yàrá, ààyè tó kù láàárín orí rẹ̀ àti àjà kò sí lọ́wọ́ orí nìkan: gíga yàrá, gíga àga àti gíga ẹni náà ló pa pọ̀ bí i. Nínú ẹ́ńjìnnì, búlọ́ọ̀kù ni yàrá náà. Kíráǹkì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ́nírọ́ọ̀dù dúró lórí kíráǹkì, písítìnì sì so mọ́ kọ́nírọ́ọ̀dù pẹ̀lú píìnì. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ sí ojú búlọ́ọ̀kù, orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà, sì wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí gíga búlọ́ọ̀kù kan, láti àárín kíráǹkì dé ojú òkè, bá jẹ́ mìlímítà 210, tí ìdajì ìrìn písítìnì jẹ́ 43, tí kọ́nírọ́ọ̀dù gùn ní 137, tí láti àárín píìnì dé orí písítìnì sì jẹ́ 29.6, àròpọ̀ àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí jẹ́ 209.6. Písítìnì náà yóò dúró ní mìlímítà 0.4 sísàlẹ̀ ojú búlọ́ọ̀kù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí bóòtù ti fún mọ́lẹ̀, tó wá ku 0.7 ní ìpọ̀n, yóò sọ àlàfo di 1.1. Ibi tó dáa nìyẹn. Àmọ́ bí ojú búlọ́ọ̀kù yẹn bá ti wọ́ nígbà kan rí, tí wọ́n fá 0.2 kúrò lára rẹ̀ kó lè tẹ́jú, àlàfo ti di 0.9. Bí wọ́n bá tún fá 0.2 nígbà kejì, ó di 0.7. Bí písítìnì tuntun tí wọ́n rà bá wá fi 0.3 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 0.4 péré ló ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó ṣe àṣejù nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí irú jíjẹ díẹ̀díẹ̀ yìí ti máa ń fara hàn jù ni ìlú tí ẹ́ńjìnnì àlòkù ń gbà wọlé. Tema, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí ìlà-oòrùn Accra, jẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Láti 1962 tí èbúté ńlá rẹ̀ ti ṣí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹrù tó ń wọ Ghana lójú omi ń gbà, ọkọ̀ àlòkù àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ sì wà lára wọn. Ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní tòkunbọ̀ ni àwọn ará Ghana ń pè ní home used. Ẹni tí Èkó ń pè ní mẹkáníìkì, fítà ló ń jẹ́ níbẹ̀. Láti èbúté, ọjà á lọ sí Abossey Okai ní Accra, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọjà Ládipọ̀ ti Èkó, tàbí kó dé ọ̀dọ̀ àwọn fítà ní Kokompe. Ẹ́ńjìnnì tó bá gba ọ̀nà yìí wá kò mú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ dání. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n ti fá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní ìlú tó ti wá. Lẹ́yìn náà ni fítà, tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ rẹ̀, yóò mú búlọ́ọ̀kù kan, tọ́ọ̀pù sìlíńdà mìíràn àti písítìnì ibòmíràn, tí yóò fi sọ òkú méjì di alààyè kan. Ọ̀pọ̀ tirótiró, bọ́ọ̀sì akérò àwọn ará Ghana, tó ń ná ọ̀nà Tema sí Accra ló ń fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ jẹun. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì kò lè sọ bí àlàfo irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ṣe tó. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti mú ọgbọ́n wíwọn nǹkan dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin Ghana. Ní 1980, yunifásítì KNUST tó wà ní Kumasi dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sílẹ̀ ní Suame Magazine, àdúgbò ńlá tí àwọn fítà ìlú náà wà. Ní 1987, wọ́n dá àjọ GRATIS sílẹ̀ láti gbin irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sí àwọn ẹkùn yòókù, Tema sì ni àjọ náà fi ṣe ibùjókòó. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin kò lè fi ojú lásán díwọ̀n. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni ẹyọ owó tó ń ná. Irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wíwọn àlàfo ń fẹ́.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tó yẹ kí wọ́n tú palẹ̀ kí wíwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí wọ́n bá ti fá ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, nítorí pé ó wọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ hó, písítìnì ti sún mọ́ ọn nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi pẹrẹsẹ tí písítìnì ń kọjú sí lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà àti ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì fara tì jẹ́ ojú kan náà. Bí wọ́n bá fá a, ojú náà ṣì máa jókòó sórí gásíkẹ́ẹ̀tì náà ni, àlàfo kò sì yí padà. Ohun tó yí padà ni ihò tí epo ti ń jó: ó kéré sí i, kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, sì pọ̀ sí i. Àwọn fáàfù náà sún mọ́ orí písítìnì. Bí káàmù tó ń ṣí wọn bá wà lókè, ó sún mọ́ kíráǹkì díẹ̀, ìyẹn sì lè yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà díẹ̀. Àmọ́ àwọn tọ́ọ̀pù sìlíńdà kan wà tí ibi pẹrẹsẹ wọn wọnú ju ojú gásíkẹ́ẹ̀tì lọ. Nínú irú wọn, gbogbo fífá ló ń jẹ àlàfo. Fífá ojú búlọ́ọ̀kù kò ní irú àyípoyípo yìí ní tirẹ̀. Iye tí wọ́n bá fá ni iye tí àlàfo fi dín kù, láìku ẹyọ kan.

Àlàfo tí wọ́n wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tó sì dúró jẹ́ kì í ṣe àlàfo tó wà nígbà tó bá ń sáré. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi ṣe písítìnì máa ń wú nínú ooru ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti irin. Ààyè tí epo ń gbà láàárín bíárìn àti kíráǹkì, tó lè tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, náà ń fún písítìnì láyè láti fò sókè díẹ̀. Písítìnì ń mì síwá-sẹ́yìn lórí píìnì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á sì ga ju èkejì lọ. Àmọ́ ọ̀gá gbogbo wọn ni nínà kọ́nírọ́ọ̀dù. Písítìnì tó ń sáré lọ sókè kò fẹ́ dúró. Kọ́nírọ́ọ̀dù ló ń fà á padà. Bí písítìnì àti píìnì bá wúwo tó ìdajì kìlógíráàmù, tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 86, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí kọ́nírọ́ọ̀dù ń fi fà á padà ní òkè téńté, ibi tó ga jù nínú ìrìn rẹ̀, lé ní ìwúwo tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹni so takisí kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó sì ń burú jù ní ìparí ìgbà tí písítìnì ń ti èéfín jáde, nítorí pé lákòókò yẹn fáàfù èéfín ṣí sílẹ̀, kò sì sí afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ tó lè ti písítìnì padà. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tí àlàfo rẹ̀ kéré fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé fítà, tó sì jẹ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí awakọ̀ bá fún un níná, ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí kanlẹ̀kùn.

Ó lè jọ pé ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n fi àlàfo tó fẹ̀ sílẹ̀ kí ọkàn balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Harry Ricardo, ẹnjiníà ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí apá kan orí písítìnì bá sún mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà gan-an, afẹ́fẹ́ àti epo tó wà níbẹ̀ á tú jáde fùú bọ́ sí ibi tí púlọ́ọ̀gì wà, yóò po ara wọn pọ̀, iná yóò sì ràn kárí kíákíá. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó mìlímítà 1.5 tàbí 2, fùú yẹn kò sí mọ́. Epo díẹ̀ á fara pamọ́ sí etí sìlíńdà, á gbóná, á sì fúnra rẹ̀ bú gbàù kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Nítorí náà ẹni tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì méjì lélẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa máa bú bẹ́ẹ̀ lè bá ohun tó ń sá fún pàdé lọ́nà ẹ̀yìn, yàtọ̀ sí pé gásíkẹ́ẹ̀tì méjì kì í pẹ́ jó.

Ti dísẹ́ẹ̀lì tún yàtọ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń tan iná. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ títí tó fi gbóná ni iná rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen TDI 1.9 jẹ́ àpẹẹrẹ tó rọrùn láti ṣírò. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 79.5, ìrìn písítìnì jẹ́ 95.5, kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì jẹ́ 19.5 sí 1. Èyí já sí pé gbogbo afẹ́fẹ́ tó wọ sìlíńdà kan ni wọ́n ń há mọ́ ibi tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta 25 àti ààbọ̀ lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà tí wọ́n bá fi kún àlàfo yóò fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kún ibẹ̀. Bí àlàfo bá fi 0.16 pọ̀ ju bó ṣe yẹ, kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n ti já bọ́ sí nǹkan bíi 19. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì, àmọ́ bí ó bá ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀, títanná láàárọ̀ á di ìjà, èéfín funfun á sì máa yọ.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fọ ohunkóhun. Bí wọ́n bá ti ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, èédú dúdú ló yẹ kó bo orí písítìnì. Bí ibì kan lára rẹ̀ bá ń dán bí owó tuntun, tí ibì kan tó kọjú sí i lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà náà sì ń dán, àwọn méjèèjì ti ń bára wọn pàdé. Bí ibi dídán bá ní àwòrán òṣùpá kékeré, fáàfù ló ń bá písítìnì jà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló ń bá omi ọṣẹ lọ nítorí pé ọmọ iṣẹ́ ti fọ gbogbo rẹ̀ kí ọ̀gá tó dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ọ́, tí bíárìn tuntun ti wọ ipò rẹ̀, tí wọ́n sì ti de bóòtù rẹ̀ dé ìwọ̀n, wọ́n lè mọ bí písítìnì ṣe ga tó sí ojú búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá dé òkè téńté. Ohun èlò tó dára jù fún èyí ni dáyà géèjì, géèjì olójú bí aago. Wọ́n á gbé e ka ojú búlọ́ọ̀kù, wọ́n á yí ojú rẹ̀ sí òdo, wọ́n á sì sún ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí písítìnì. Ibi tí ẹnu náà ń tẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá gbé e sí etí písítìnì ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń mì sí, mímì náà á pa irọ́ fún wọn. Orí ìlà tí píìnì gbà kọjá ló yẹ kó wà, ní ìkángun kan lẹ́yìn náà ní èkejì, kí wọ́n sì pín àròpọ̀ rẹ̀ sí méjì. Gbogbo písítìnì ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí pé èyí tó ga jù ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹni tí kò ní dáyà géèjì lè fi irin títọ́ gba orí ihò sìlíńdà kọjá, kó sì ti fílà géèjì, àwọn abẹ irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, bọ abẹ́ rẹ̀, bí písítìnì bá wà nísàlẹ̀ ojú búlọ́ọ̀kù. Bí písítìnì bá yọ sókè, ìrù fáńíà tó ń wọn jíjìn ni wọ́n á lò.

Òkè téńté náà ní láti jẹ́ òkè téńté lóòótọ́. Àmì tó wà lára púlì kíráǹkì kò tó fi ṣẹ̀rí, pàápàá lára ẹ́ńjìnnì tí púlì rẹ̀ lè ti ara òmíràn wá. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ìrìn písítìnì rẹ̀ jẹ́ 86, bí kíráǹkì bá ṣì fi ìwọ̀n dígíríì 5 jìnnà sí òkè téńté, písítìnì ti wà ní nǹkan bíi mìlímítà 0.2 sísàlẹ̀. Iye yẹn ló ń ya àlàfo tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó léwu. Wọ́n á máa fi sípánà yí kíráǹkì díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa wo ọwọ́ dáyà géèjì títí tó fi lọ sókè dé ibi tó ga jù, tó dúró, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ibi ìdúró yẹn ni.

Ọ̀nà kejì kò fẹ́ ohun èlò olówó ńlá, ó sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ti pé ohun tó ń wọ̀n ni àlàfo fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì nínú. Lẹ́ẹ̀dì rírọ̀ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà pọ̀ ni wọ́n ń lò. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 1.5 tàbí 2 ló dára, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ nípọn ju àlàfo lọ kó tó lè tẹ̀. Wọ́n á gé e ní ẹyọ méjì, wọ́n á fi gírísì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìnì, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan ìlà píìnì, ní ibi pẹrẹsẹ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lò rí, tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú tuntun tí wọ́n fẹ́ lò, ni wọ́n á tẹ́ sílẹ̀. Ó ti fún mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní fi tuntun ṣòfò. Wọ́n á de tọ́ọ̀pù sìlíńdà pẹ̀lú bóòtù àtijọ́, láti àárín lọ sí etí, ní ìwọ̀n tí ìwé sọ. Púlọ́ọ̀gì tàbí ìńjẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta kí kíráǹkì lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n kò bá tíì so bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímìn mọ́ káàmù, kí káàmù náà má ṣe sí níbẹ̀ rárá, kí fáàfù má bàa wà ní ṣíṣí kó sì tẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, kì í ṣe sítáátà. Ọwọ́ máa ń mọ̀ nígbà tí nǹkan bá kọ̀. Sítáátà kò mọ ohun tó ń jẹ́ kíkọ̀. Wọ́n á yí kíráǹkì kọjá òkè téńté lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, wọ́n á sì fi fáńíà tàbí maikirómítà wọn ibi tí lẹ́ẹ̀dì náà ti pẹlẹbẹ jù. Ìpọ̀n yẹn ni àlàfo. Bí ìkángun kan bá jẹ́ 1.0 tí èkejì jẹ́ 0.7, nǹkan kan wọ́: ojú búlọ́ọ̀kù lè ga níbì kan ju ibòmíràn lọ, tàbí kí kọ́nírọ́ọ̀dù ti yí.

Fún fáàfù, lẹ́ẹ̀dì kò dára tó. Amọ̀ rírọ̀ aláwọ̀ mèremère tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré nílé ìwé ni wọ́n ń lò. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún fáàfù lórí písítìnì, wọ́n á fi epo pa á lójú kó má bàa lẹ̀ mọ́ fáàfù, wọ́n á so táímìn bó ṣe yẹ, wọ́n á sì yí kíráǹkì ní ìgbà méjì gbáko, nítorí pé ìyípo méjì ló ń mú gbogbo fáàfù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi abẹ gé amọ̀ náà láàárín, wọ́n á wọn ibi tó tín-ín-rín jù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù fi ń ṣe òpin ni nǹkan bíi mìlímítà 2 fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, àti 2.5 fún ti èéfín, tí ooru ń mú gùn sí i. Òkè téńté kọ́ ni fáàfù ti ń sún mọ́ písítìnì jù. Ti èéfín ń sún mọ́ ọn díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Iye tí wọ́n bá rí ló máa sọ ohun tó kàn. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó ní kọ́nírọ́ọ̀dù onírin, mìlímítà 1.0 ni àmì tí ọ̀pọ̀ ń fojú sùn; 0.9 ṣì lè lọ. Bí ó bá ti wọ abẹ́ 0.8, ẹni tó ní ìwé ilé iṣẹ́ tó gbà á láàyè nìkan ló yẹ kó dé e. Kọ́nírọ́ọ̀dù alumíníọ́mù, tí àwọn eléré ìje máa ń lò, ń fẹ́ nǹkan bíi 1.5 nítorí pé ó ń nà jù. Kò sí ìdí fún awakọ̀ tirótiró láti ronú nípa ìyẹn.

Dísẹ́ẹ̀lì kì í gba àfojúsùn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣírò rẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ́ ìdáhùn rẹ̀ sára gásíkẹ́ẹ̀tì. Lára TDI 1.9 tí a mẹ́nu bà, písítìnì máa ń yọ sókè ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ. Bí èyí tó yọ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà láàárín 0.91 sí 1.00, gásíkẹ́ẹ̀tì oníhò kan, tó nípọn 1.45, ni wọ́n á lò. Láti 1.01 sí 1.10 jẹ́ ti oníhò méjì, tó nípọn 1.53, láti 1.11 sí 1.20 jẹ́ ti oníhò mẹ́ta, 1.61. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì yóò rí i pé nǹkan bí ìdajì mìlímítà ni àlàfo ń jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì Toyota 2L àti 3L, tí ọ̀pọ̀ HiAce ń lò, ń fi lẹ́tà B, D àti F ṣe irú àmì kan náà, láti tín-ín-rín dé nínípọn. Àwọn mìíràn ń gé ẹnu kékeré sí etí rẹ̀. Ìṣòro tó wà ní ọjà ni pé ẹni tó ń tà á sábà máa ń béèrè orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó wá rà á ló gbọ́dọ̀ mọ iye ihò.

Àlàfo tó fẹ̀ jù nínú sìlíńdà kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn yòókù dọ́gba, ní ìtàn tirẹ̀. Ní àsìkò òjò, àgbàrá máa ń bo ojú ọ̀nà ní Accra àti Tema. Ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, tí omi àti iná pa èèyàn tó lé ní 150 ní Accra, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lè fa omi sínú sìlíńdà. Omi kì í ṣe afẹ́fẹ́. Kì í gba kí wọ́n fún òun pọ̀. Kọ́nírọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì á tún tanná, tí á sì máa lọ, àmọ́ písítìnì rẹ̀ kò dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́. Dáyà géèjì ló máa tú àṣírí rẹ̀. Irú kọ́nírọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òòlù tọ́. Ààtàn ni ibùgbé rẹ̀.

Bí àlàfo bá kéré jù, gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí i ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, bí ilé iṣẹ́ bá ṣe irú rẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n á wo písítìnì bóyá òun gan-an ló yẹ ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì méjì lè ní ihò tó dọ́gba kí gíga písítìnì wọn má sì dọ́gba. Fífá orí písítìnì pẹ̀lú ẹ̀rọ ṣeé ṣe nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bí orí náà bá nípọn tó. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, kò yẹ kí wọ́n dáwọ́ lé e láìní ìwé lọ́wọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni iná ti ń jó kíkankíkan jù. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti fá kọjá òpin tí ìwé sọ kò ní oògùn mìíràn ju kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà ní ipò rẹ̀ tí wọ́n sì ti de bóòtù tuntun, wọ́n á tún fi ọwọ́ yí kíráǹkì ní ìgbà méjì kí sítáátà tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ilé ẹ̀rọ kan ní nọ́ńbà irin tí wọ́n fi ń lu àmì sára irin. Pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n ń lu iye tí wọ́n fá sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, nítòsí òkè, níbi tí kò ní ba nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì jẹ́: 0.20, tàbí 0.35. Fítà tí yóò ṣí ẹ́ńjìnnì náà lọ́dún mẹ́wàá òní, ní Tema tàbí ní Èkó, yóò nu gírísì kúrò níbẹ̀ kó tó lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì.